Jíìpù Onígíláàsì Àfọwọ́yí

Irin tí òjò pa mọ́jú, tí oòrùn wá yọ sí lára, ní òórùn kan tí n kò lè fi wé ti nǹkan mìíràn. Ó jọ ti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó sì jọ ti ọwọ́ ọmọdé tó di kọ́bọ̀ mú fún ìgbà pípẹ́. Bí o bá ti ya kúrò lójú títì Ìkòròdú wọ Owódé Onírin, òórùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ kí ojú rẹ tó rí mọ́tò kankan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ọ́ìlì dúdú tí ilẹ̀ ti mu yó, àti ti táyà àlòkù tí wọ́n tò ga ju orí ènìyàn lọ. Ìkòsí ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ, aṣọ ilé-ìwé ni mo sì ń rán jẹun. N kò ní ohun tí mo ń wá lọ sí Owódé Onírin rí, títí di Sátidé tí èmi àti ọkọ mi lọ yan jíìpù níbẹ̀.

Nítorí ìyá ọkọ mi ni a ṣe débẹ̀. Abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ń gbé, ní ìparí ọ̀nà oko tí kò ní ọ̀dà, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ máa ń gbé mọ́tò mì nígbà òjò. Tẹ́lẹ̀, Ọdún Àjíǹde kì í kọjá kí a má lọ, Kérésìmesì náà kò sì gbọdọ̀ bá wa l'Ékòó. Nígbà tó yá, màmá ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì dá. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti lè jókòó sínú mọ́tò fún ìrìn àjò gígùn mọ́. Àbígbẹ̀yìn wa ti ń sọ̀rọ̀, ó ti ń sáré, ìyá bàbá rẹ̀ kò sì tíì fọwọ́ kàn án rí. Orí fóònù nìkan ni wọ́n ti mọ ojú rẹ̀. Bí a bá pè wọ́n, ìbéèrè kan náà ni wọn yóò bi wá: "Ṣé kí n tó kú lẹ ó wá ni, àbí tí mo bá kú tán?" Wọn yóò rẹ́rìn-ín sí i. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé nítorí tèmi ni a kò ṣe lọ.

Ọdún mélòó kan kí a tó bí àbígbẹ̀yìn yìí ni mọ́tò kékeré tí a ní nígbà náà wọ odò tó wà lẹ́bàá abúlé. Odò kékeré ni, àwọn ọmọdé máa ń fẹsẹ̀ là á kọjá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ lókè odò, a kò sì mọ̀. Mo mọ ìgbà tí táyà kúrò nílẹ̀. Òkúta tó ń dún lábẹ́ wa dákẹ́ lójijì, gbogbo mọ́tò sì rọ̀ wẹ̀lẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá rọra gbé ọmọ sínú ọpọ́n omi. Ẹ́ńjìnnì kú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn àgbẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ ló bẹ́ sódò, tí wọ́n sì fà wá jáde. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò kú. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi jẹ́rìí pé Ọlọ́run tó la Òkun Pupa ló là á fún wa, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, èmi náà sì jó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí omi bá dá sójú títì ní Mile 12, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, n ó ká aṣọ mi sókè, n ó sì fẹsẹ̀ rìn ín. Pásítọ̀ wa gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n ní kí ẹ̀mí ìbẹ̀rù fi mí sílẹ̀. Mo ṣe àmín, mo sì tún fẹsẹ̀ rìn délé.

Ọkọ mi gbà pé mọ́tò ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé jíìpù ni a gùn, èyí tó ga, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà á, omi yẹn kò ní lè gbé wa. Agbára wa kò ká tuntun, nítorí náà ògbólógbòó ni a ó rà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí màmá ti bi wá ní ìbéèrè wọn tán, ó sọ fún mi pé, "Ìwọ ni wàá yàn án. Èyí tó bá tẹ́ ọ lọ́rùn la máa gbé. Àmọ́ tá a bá ti gbé e, Mọ́mì, a máa lọ o." Mo gbà. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé mo ti pinnu nínú ara mi pé kò sí èyí tí yóò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò àlòkù kì í dá lọ, mẹkáníìkì rẹ̀ ló máa ń mú dání. Àwọn tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kí mẹkáníìkì kí wọ́n tó kí ẹni tó lówó lọ́wọ́. Tiwa, ọkùnrin sísanra kan tó ń tún mọ́tò ṣe ní Kétu, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ ni. Kò tíì wo nǹkan kan tí òun àti olówò mọ́tò kan níbẹ̀ fi ti ń gbá ara wọn léjìká.

Jíìpù dúdú kan ni olówò náà kọ́kọ́ mú wa lọ bá. Ó ń dán, awọ ni wọ́n fi bo síìtì rẹ̀, wọ́n sì fọ́n nǹkan olóòórùn dídùn sínú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ wọlé, ẹ jókòó," ló wí. "Ẹ ò rí i pé pálọ̀ ni!" Ọkọ mi ti wà nídìí sitiárì, ó gbé àyà sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Mo wọ ẹ̀yìn, mo sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ pa á," mo ní.

"Ẹ pa kí ni, Mọ́mì?"

"Ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Wọ́n yọ ọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gíláàsì kò mira. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbọin. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀kalẹ̀. "Èyí kọ́," mo wí.

Olówò náà wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. "Mọ́mì, kò sí mọ́tò tẹ́ ẹ máa yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí gíláàsì rẹ̀ á tún máa sọ̀kalẹ̀."

"Ó wà," mo dá a lóhùn. "Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí."

Mẹkáníìkì wa bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ ò gbọ́ ni? Mọ́tò tó kó míṣọ́nnárì wá ni Aunty ń wá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ̀rín yẹn ló rán olówò náà létí ohun tó ní lẹ́yìn ọgbà. Jíìpù kan wà níbẹ̀ tó rí bí àpótí, tí oòrùn ti jẹ ọ̀dà ara rẹ̀ débi pé a kò mọ̀ bóyá àwọ̀ ewé ni tàbí ti eérú. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó jáde, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní irin abẹ́ rẹ̀ kò jẹrà, ó wọlé, ó fa irin kúkurú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, èyí tó ń mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà, ó wà á gba inú kòtò ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀, mọ́tò náà sì rọra jáde bí ewúrẹ́ tó ń gun òkè. "Èyí lọkùnrin," ló wí. Ojú ọkọ mi ń dán. Mo yí gíláàsì iwájú méjèèjì, wọ́n sọ̀. Mo yí ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ó sọ̀. Ti apá òsì, níbi tí àbígbẹ̀yìn wa yóò jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ ń yí lásán ni, gíláàsì kò kúrò lójú kan.

"Ìyẹn ò tó nǹkan," ni olówò wí.

"A máa tún un ṣe tó bá yá," ni ọkọ mi wí.

"Mi ò ní wọ̀ ọ́," ni èmi wí.

Nígbà náà ni inú bí ọkọ mi. N kò lè dá a lẹ́bi, ó ti pẹ́ tó ti ń mú un mọ́ra. "Nítorí gíláàsì kan? Ìyá mi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n rí ọmọ ọmọ wọn, ìwọ ń ṣe gíláàsì! Ọlọ́run tó yọ wá lọ́jọ́ yẹn, ṣé gíláàsì ló lò ni?"

"Gíláàsì ló lò," mo wí.

Ọ̀rọ̀ náà ya èmi pàápàá lẹ́nu, torí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí mo bá ti la ẹnu láti sọ ọ́, ìró omi yẹn ni mo máa ń gbọ́, n ó sì pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ níbẹ̀, lójú àwọn ọkùnrin náà, láàárín irin. Mo ní kí ọkọ mi rántí pé gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò wa àtijọ́ kì í gòkè mọ́, pé igi pẹlẹbẹ kan ni a fi há a kó má baà já bọ́. Nígbà tí omi gbé wa, tí òun kọjú sí ilẹ̀kùn iwájú, tó ń fi ẹsẹ̀ ta á, tí kò ṣí, igi yẹn ni mo fà yọ. Gíláàsì já wọnú ilẹ̀kùn. Ojú ihò yẹn ni mo gbé ọmọ wa obìnrin gbà, mo gbé àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e, àwọn àgbẹ̀ sì gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. "Ká ní ẹ ti tún un ṣe ni," mo wí, "bọ́tìnnì ni ǹ bá máa tẹ̀."

Ọkọ mi ti gbà láti ìgbà náà pé àwọn àgbẹ̀ ló fọ́ gíláàsì láti ìta. Mẹkáníìkì wa yọ fìlà rẹ̀. "Háà, Aunty," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Èmi ni mo gbẹ́ igi yẹn."

Ọkọ mi jókòó sórí irin iwájú jíìpù náà. Ó ní, "Omi ti dé ibo lára rẹ nígbà yẹn?" Kò bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Mo fi ọwọ́ hàn án ní ọrùn mi. Ó tún bi mí ní òmíràn, àti òmíràn. Olówò kò sọ pé Mọ́mì ń fi àkókò òun ṣòfò. Ó kàn rán ẹnì kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì lọ mú ẹ̀rọ gíláàsì wá, mẹkáníìkì wa sì tú ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó parí, mo yí i sókè, mo yí i sísàlẹ̀, títí apá fi ń ro mí. A gbé jíìpù náà.

Nígbà tí a máa lọ sọ́dọ̀ màmá, ìgbà òjò ti ń parí lọ. Àmọ́ nígbà tí a dé etí odò, mo rí i pé omi náà pọ́n, ó sì ń gbé ewé tútù kọjá kíákíá. Ọkọ mi pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ì bá ti sọ pé kí n má bẹ̀rù, pé jíìpù ni. Ó yíjú sí mi. "Mọ́mì, kí lo rí?"

"Òjò ti rọ̀ lókè. Ẹ jẹ́ ká dúró ná."

"Ó dáa," ló wí. A sọ̀kalẹ̀, a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi òrombó kan, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì. Kò pẹ́ tí ọlọ́kadà kan fi gba inú omi náà kọjá wá sọ́dọ̀ wa, omi dé orúnkún rẹ̀. Ó wo jíìpù, ó wò wá lórí ẹní, ó sì kígbe pé, "Ẹ̀yin ará Èkó! Pẹ̀lú jíìpù ràgàjì yìí? Omi tí ọ̀kadà là lẹ jókòó tì?"

Mo dorí kodò. Mo ti mọ irú ẹ̀rín yẹn, mo sì ti ń retí kí ọkọ mi tọ́ka sí mi, kó ní ìyàwó òun ni. Kò yíjú sọ́dọ̀ mi rárá.

"Ẹ̀rù ń bà wá, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "A ó dúró kó fà."

"Kò burú o," ni ọlọ́kadà wí, ó ń rẹ́rìn-ín lọ.

Omi náà fà kí oòrùn tó wọ̀, a rọra là á, a sì bá màmá ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bú wa pé a pẹ́. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn wa sún mọ́ wọn, wọ́n dákẹ́ èébú, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú, wọ́n sì wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Gbogbo àdúrà tí a gbà kí ẹ̀rù fi mí sílẹ̀, n kò sọ pé wọn kò dára. Ẹ̀rù náà kò kàn lọ ni. Títí di òní, mo ṣì ń fẹsẹ̀ rìn bí omi bá dá ní Mile 12. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, tí mo bá bojú wẹ̀yìn, mo máa ń rí ọkọ mi tó sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé mi, tó gbé bàtà rẹ̀ dání, tó ń bọ̀ nínú omi.