Rédíò Páálí Tí Ìyá Mi Wọ̀ Láṣọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ǹjẹ́ ẹ ti jókòó ti rédíò tí kò lè sọ̀rọ̀ rí, kí inú yín sì máa dùn sí i? Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Iléeṣẹ́ tí a ti ń to rédíò pọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń sọ bí ọjà tuntun yóò ṣe rí kí àwọn ẹnjiníà tó fọwọ́ kàn án. Eré ọwọ́ mi kò sì jìnnà sí i. Láti kékeré ní Bẹẹrẹ, nílùú Ìbàdàn, ni mo ti ń fi páálí àti agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, ìdérí ìgò sì ni táyà rẹ̀. Mo dàgbà tán, n kò jáwọ́. Àwọn aládùúgbò ìyá mi a máa ní, "Baba ọlọ́mọ, mọ́tò agolo yìí náà ni?" Èmi a ní, "Òun náà ni. Ẹ wọlé, ẹ wá san owó ọkọ̀."

Ní ọdún kan, àwọn ẹnjiníà ya àwòrán rédíò kan láìbi mí léèrè. Òkè orí rẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo bọ́tìnnì sí, àti ihò tí ooru yóò máa gbà jáde. Ọ̀gá àgbà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo ní kò ní í pẹ́ bàjẹ́ nílé ará Ìbàdàn. Ọ̀gá ní bí n kò bá lè fìdí ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀, òun yóò dá mi padà sí ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo fi páálí ṣe rédíò náà bí wọ́n ṣe yà á gẹ́lẹ́, mo kùn ún ní dúdú, mo sì mú ọ̀gá lọ kí ìyá mi ní ọjọ́ Àìkú.

Mo ní, "Ìyá mi, àpẹẹrẹ rédíò wa tuntun nìyí. Ẹ bá wa gbé e síbi tí yóò máa wà."

Ó gbé e sórí tábìlì pálọ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti na aṣọ funfun tí ó fi òwú hun fúnra rẹ̀ bò ó lórí. Ó gbé òdòdó oníke lé e, ó sì gbé fọ́tò bàbá mi tì í.

Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ ti bo bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ooru ò sì ní í ríbi jáde."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ṣé ìhòòhò ni kí n gbé e kalẹ̀ lójú àlejò?"

"Bí a bá kọ ọ́ sí i lórí pé ẹ má ṣe bò ó ńkọ́?"

"Ẹ kọ ọ́, ọ̀gá. Aṣọ á bo ìyẹn náà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi fi kún un pé ilé là á wò kí a tó ṣe rédíò. Àwọn bọ́tìnnì bọ́ síwájú, ihò ooru bọ́ sẹ́yìn, a sì ta rédíò náà láti Mọ́lété títí dé òkè Mápó. N kò padà sí ilé ìkẹ́rùsí títí iléeṣẹ́ náà fi kógbá sílé.