Díìsìkì Tí Ohùn Bàbá Mi Wà Lórí Rẹ̀

Òórùn obì tútù àti ewé ló máa ń jí mi láàárọ̀ nílé wa ní Igbona, l'Óṣogbo. Ìyá mi, ọmọ Ifẹ̀wàrà, á ti tú apẹ̀rẹ̀ obì palẹ̀, á máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Obì tí a kò bá ṣí wò, kòkòrò ló ń bá wa tọ́jú rẹ̀," ló máa ń wí. Bó ṣe ń fura sí obì ló ń fura sí èèyàn.

Lọ́dún tí bàbá mi kú, ìfura náà kan kọ̀ǹpútà ilé wa. Díìsìkì méjì tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ló wà nínú rẹ̀. Línúsì, ètò tó ń darí rẹ̀, wà lórí èkíní; orí èkejì ni bàbá mi gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sí, tó ń sín ìyá mi jẹ nítorí èdè Ìjẹ̀ṣà rẹ̀, tí ìyá mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá tan kọ̀ǹpútà, a kì í rí èkejì. Àfi kí àbúrò bàbá mi, Bọ̀dá tó bá wa to kọ̀ǹpútà náà, wá tẹ pásíwọọdù wọn kó tó yọjú.

Ìyá mi pòṣé. Orúkọ tó sọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ló fi pè wọ́n. "Akọ̀wé, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ọkọ mi ń dá lóhùn? Àbí ẹ ti pa ohùn rẹ̀ rẹ́ ni?" Omi ti kún ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidi.

"Háà, ìyàwó wa! Mi ò gbé e pamọ́ o. Díìsìkì kejì kì í ṣí bí a ò bá ní kó ṣí ni."

"Ẹ ní kó ṣí, nígbà náà. Lójú mi."

Bọ̀dá jókòó, wọ́n kọ ìlà kan sínú fáìlì tí kọ̀ǹpútà máa ń kà tó bá ń jí. Ìyá mi ń ṣọ́ ìka wọn bí ẹni ń ṣọ́ ọwọ́ ẹni tó ń wọn gààrí. Nígbà tí wọ́n tún un tàn, díìsìkì yọ fúnra rẹ̀, ohùn bàbá mi sì jáde. Mo fò sókè fún ayọ̀.

Ìyá mi ò fò. "Ilẹ̀kùn tó ń dá ṣí, ta ló mọ ohun tó ń gba ibẹ̀ jáde?" Láti ọjọ́ náà, kó tó kan obì rárá, á ṣí ohùn kọ̀ọ̀kan, á gbọ́ ọ tán. Ó máa ń sú mi. Mo ní ṣebí ó ti ń dá ṣí, kí ló tún kù?

Iléṣà ni mo wà báyìí, díìsìkì yẹn sì wà nínú kọ̀ǹpútà tèmi. Ìlà kan náà ni mo kọ, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Síbẹ̀, mi ò gbà á gbọ́. Láràárọ̀ ni mo ń ṣí àwọn ohùn náà wò. Nígbà èwe, ohùn bàbá mi nìkan ni mo ń gbọ́ níbẹ̀. Nísinsìnyí tí ìyá mi náà ti lọ, ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn ohùn ọkọ rẹ̀ ni mo ń dúró dè, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí n ó fi gbọ́ ọ.