Fíláàṣì Ẹ̀ẹ̀mejì láti Makola

Ọ̀fẹ́ ni ìpè pàjáwìrì náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọn kò sì sọ fún ìyá mi. Ẹ̀sùn mi kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀sùn yìí náà ni ọpẹ́ tí mo jẹ àwọn ènìyàn kan wà, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú gbé ọpẹ́ mì. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo rántí yàrá náà dáadáa. Ó tútù ju bí Accra ṣe yẹ kó tútù lọ, débi pé a máa ń gbé súwẹ́tà lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí oòrùn ń yan àwọn ará ìta bí ẹ̀pà. A jókòó ní ìlà, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ lórí etí àti kọ̀ǹpútà níwájú. Bí iná bá ń jó ilé ẹnìkan, bí olè bá wọlé tọ̀ ọ́, tàbí bí àìsàn òjijì bá gbé e dè, nọ́mbà kúkurú kan ni yóò tẹ̀, àwa ni a ó gbé e, àwa ni a ó sì rán panápaná, ọlọ́pàá tàbí áńbúláǹsì sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nígbà náà ni, mo sì ka ara mi sí ènìyàn gidi. Káàdì ìdánimọ̀ mi kì í kúrò lọ́rùn mi, ì báà jẹ́ nínú trotro, ọkọ̀ èrò wa, láti Madina, kí gbogbo èrò lè rí i. Mate ọkọ̀ kan wà tó máa ń pè mí ní "Officer" tó bá ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò ṣe àtúnṣe kankan fún un.

Ọṣẹ ni ìyá mi ń tà ní Makola, ọjà ńlá Accra: ọṣẹ dúdú, ọṣẹ ìfọṣọ gígùn tí wọ́n ń gé, àti ọṣẹ ẹlẹ́bu inú ọ̀rá. Accra ni wọ́n bí i sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Ó wà ní ọmọdé nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì máa lọ, tí bàbá rẹ̀ di ẹrù lálẹ́, tí wọ́n sì gba ọ̀nà Nàìjíríà. Nígbà tó dàgbà ló tún padà wá. Maame Alata, ìyá ará Nàìjíríà, ni wọ́n ń pè é lọ́jà, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ṣùgbọ́n ohun kan kò kúrò lára rẹ̀ rí: kì í fẹ́ kí ìjọba gbọ́ ohùn òun. Ẹni tí ìjọba ti lé rí, ó ní, kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìjọba.

Ní ti fóònù, òfin ọjà ni ó ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ní Accra láyé ìgbà náà mọ fíláàṣì: kí a pe ènìyàn, kí fóònù rẹ̀ dún, kí a sì pa á kí ó tó gbé e, kí kírẹ́díìtì wa má baà lọ. Láàárín àwọn obìnrin Makola, fíláàṣì ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí "mo ti dé." Ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí "pè mí." Ẹ̀ẹ̀kẹta kò sí. Ẹni tí a bá fíláàṣì fún lẹ́ẹ̀mejì tí kò pè padà, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ẹni tó bá sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ńṣe ló fẹ́ dójú ti ẹni ẹlẹ́ni. Obìnrin tó bá ní ìwà, bó bá ti fíláàṣì lẹ́ẹ̀mejì, yóò ká ọwọ́ gbera, yóò máa retí.

Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Ní yàrá tútù wa lọ́hùn-ún, fíláàṣì ń wọlé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Yóò dún, yóò kú, kí ọwọ́ wa tó kàn án. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ sọ fún wa pé àwọn ọmọdé aláìníṣẹ́ ni, àwa náà gbà. "Ẹ̀fọn" ni a ń pè wọ́n, a ó ní ẹ̀fọn ti tún jẹ òun. Bí a tiẹ̀ fẹ́ pè wọ́n padà, kò ṣeé ṣe, nítorí pé wáyà yàrá yẹn lè gba ìpè wọlé ni, kò lè pe ìta. Wọ́n ní owó ìpè ìta ń bọ̀. Wọ́n ní owó tí a ó fi la ará ìlú lọ́yẹ̀ náà ń bọ̀. Kódà wọ́n ti ṣe orin rédíò sílẹ̀, orin aládùn, ní Twi àti Ga àti Hausa, tó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni ìpè náà, pé bí kírẹ́díìtì ò sí nínú fóònù rárá yóò lọ. Mo mọ̀ nítorí pé wọ́n lù ú fún wa nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, a sì pàtẹ́wọ́. Àwa nìkan ni wọ́n lù ú fún, àwa tí a ti mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nọ́mbà ìyá mi yọ lójú kọ̀ǹpútà mi. Ó dún, ó kú. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ti fi nọ́mbà ibi iṣẹ́ wa yangàn fún un, ó sì ti mú ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀, kì í ṣe nítorí pàjáwìrì, bí kò ṣe kí àwọn aládùúgbò lè bi í pé kí nìyẹn, kí ó lè dáhùn pé ibẹ̀ ni ọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé kẹ́ńkẹ́ ló fẹ́ kí n rà bọ̀ fún oúnjẹ alẹ́. Ó tún dún, ó tún kú. Mo yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní ìyá tèmi ń fíláàṣì fún odidi ìjọba Ghana. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni kò tíì tán tí ọkàn mi fi sọ pé: ẹ̀ẹ̀mejì. Fóònù tèmi ni ìyá mi máa ń fíláàṣì, kò sí ohun tí ó lè mú un fọwọ́ kan ti ìjọba.

Fóònù mi wà nínú àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí òfin kò jẹ́ kí a mú un wọlé. Mo nawọ́. Ọ̀gá wa wá, obìnrin Ga kan tó sanra, tí awò ojú rẹ̀ máa ń sinmi láyà rẹ̀, tí a kò gbọ́ ariwo lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ń wá gbólóhùn tí mo máa fi ṣàlàyé, ó ti wo ojú mi, ó ti ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó sì fa fóònù ara rẹ̀ yọ, èyí tí òfin kan náà kò gbà fún òun alára.

"Pè é," ó ní. "Kírẹ́díìtì tèmi ni, kì í ṣe ti ìjọba."

Aláṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ti ìyá mi ló gbé e, obìnrin Fante kan tí mo mọ̀ láti kékeré. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù tó ń dúró kí wọ́n pe orúkọ òun.

"Ẹ ṣeun tí ẹ pè padà. Mo sọ fún wọn níbí pé ẹ ó pè. A ti fíláàṣì lẹ́ẹ̀mejì, a wá ń retí. Ìyá kan ló ṣubú níbí, ẹnu rẹ̀ ti yí, ọwọ́ rẹ̀ kan ti kú."

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó dún títí a ó fi gbé e. Ó ní, "Kírẹ́díìtì inú fóònù rẹ̀ ò pọ̀. Ta ló máa san owó ìpè ìjọba?" Lẹ́yìn náà ló bi mí: "Ṣé kì í ṣe ọmọ Alata ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí?"

Ìdáhùn tí mo fún un kò yé èmi fúnra mi. Ọ̀gá wa ti ń bá àwọn áńbúláǹsì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, ó sì ń sọ ohun tí n ó sọ sí mi létí: áńbúláǹsì ò lè wọ inú ọjà, kí wọ́n gbé e bọ̀ wá sójú títì, kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fún un ní omi. Mo ń tú u sí Twi. Mo gbọ́ tí aláṣọ náà fa odidi aṣọ tuntun yọ lórí pẹpẹ, tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, tó pe àwọn kayayei, àwọn ọmọbìnrin alárùú tó ń fi orí ru ẹrù lọ́jà. Wọ́n di igun aṣọ mú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ "Agoo! Agoo!" tó ń lọ síwájú nínú èrò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń tọrọ ọ̀nà ní Ga, òun ni wọ́n fi ń tọrọ rẹ̀ ní Twi, òun náà ni àwa Yorùbá ń fi í tọrọ. Kò sí ẹni tí kò yà ní Makola lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá wa jókòó sórí àga mi, ó ń gbé àwọn ìpè tó kàn mí, kò sì bèèrè fóònù rẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn áńbúláǹsì pa dé.

Ìyá mi kò kú. Dókítà ní wọ́n tètè gbé e dé ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bẹ. Nígbà tí mo fọ aṣọ náà, tí mo lọ̀ ọ́, tí mo gbé e lọ fún aláṣọ, kò gbà á. Ó ní aṣọ tó ti gbé ènìyàn, a kì í tún tà á mọ́, kí ìyá mi máa fi bora. Nígbà tí mo fẹ́ ra kírẹ́díìtì padà fún ọ̀gá wa, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ lè to ọ̀rọ̀ pọ̀, ìpè yẹn ló bi mí léèrè.

"Ọ̀fẹ́ ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Màámi. Kò ní kí kírẹ́díìtì wà níbẹ̀."

"Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní gbogbo àwa tí a wà ní ọ́fíìsì la mọ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò níí pè é," ó ní, ó sì yíjú sí ògiri.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tó padà sí ìsọ̀, òun àti aláṣọ lọ bá àwọn ìyálọ́jà, wọ́n sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń polówó lọ́jà. Ìyá mi tí kì í fẹ́ kí ìjọba gbọ́ ohùn òun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n wíwúwo yẹn sọ ọ́ ní Twi, ní Hausa, ní Yorùbá: ọ̀fẹ́ ni, má ṣe fíláàṣì, jẹ́ kó dún títí wọn ó fi gbé e. Ọ̀gá wa wá lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó jókòó láàárín ọṣẹ, ó ń fẹ́ra, ó ń dáhùn ìbéèrè. Wọ́n bi í bóyá ọlọ́pàá á mú àwọn bí iná bá kú kí panápaná tó dé. Wọ́n bi í bóyá ẹni tí kò gbọ́ èèbó lè pè. Kò pẹ́ tí àwọn ẹ̀fọn Makola fi di ohùn ènìyàn. Kìkì pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rere ni wọ́n: wọ́n á kọ́kọ́ kí wa kú ọ̀sán, wọ́n á kí wa kú iṣẹ́, wọ́n á béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé wa, kí wọ́n tó wá sọ pé iná ń jó. Ọ̀gá wa tún padà lọ kọ́ wọn pé kí wọ́n fi ìkíni sí ẹ̀yìn.

Ohun tí wọ́n fi san oore yẹn fún un nìyí. Àwọn ọ̀gá àgbà pè é, wọ́n ní ta ló fún un láṣẹ láti bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórúkọ iléeṣẹ́, pé ẹ̀ka mìíràn ló ni iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀, pé ẹ̀ka náà ní owó tirẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Wọ́n sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan ní Tema tí fóònù kì í dún. Mo kọ̀wé sí wọn, mo béèrè ìdí. Wọn ò fèsì. Nígbà tó yá, mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ìyá mi ti darúgbó. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá le, ó máa ń jókòó síwájú ìsọ̀ pẹ̀lú aṣọ yẹn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí oníṣòwò tuntun bá wá, nọ́mbà yẹn ni yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ kó tó ta ọṣẹ fún un. Ọ̀gá wa máa ń wá kí i, wọn a sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ìyá mi á ní òun ṣì jẹ ẹ́ ní kírẹ́díìtì, òun náà á ní èlé ti gorí rẹ̀. Bí mo bá wo àwọn méjèèjì báyìí, ọpẹ́ ni ó ń kún mi lẹ́nu, sí ọ̀gá wa, sí aláṣọ, sí àwọn ọmọbìnrin alárùú tí n kò mọ orúkọ wọn títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ó wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá mi lóhùn. Owó ìlanilọ́yẹ̀ tí ẹ ní ó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí ló ṣe? Orin tí ẹ lù fún àwa tí a ti mọ̀, ta ló dì í mọ́ inú yàrá? Ta ló jókòó tó pinnu pé fóònù tí gbogbo ìlú ń sá tọ̀ kò gbọdọ̀ lè pe ẹnikẹ́ni padà? Obìnrin tó kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹ fìyà jẹ; ẹni tó ń gba owó oṣù láti kọ́ni tí kò kọ́ ẹnìkan, kí lẹ fi ṣe é? Lẹ́tà tí mo kọ lọ́jọ́sí ni àkọ́kọ́. Èyí ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo Makola mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí, a kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo ti ká ọwọ́ gbera. Ẹ pè wá padà.