Òwú Pupa Lára Ọfà

Ẹ bá mi kí ọkùnrin tó ń sọ pé, "Èmi ni mo ṣe é." Ìkíni ọba ló tọ́ sí i. Ọfà kún ṣọ́ọ̀bù, ó sì lówó tó lè fi rà á, síbẹ̀ ó jókòó sínú gáréèjì nínú òtútù, ó ń lẹ ìyẹ́ tòlótòló mọ́ ọ̀pá ọfà, kó lè ṣí bùùtù ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, kí àwọn díákónì yòókù sì ké "Háà!" Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí irú wọn tán láyé. Bí wọ́n bá tán, ta la óò máa fi rẹ́rìn-ín?

Ọkọ ọmọ mi ni mò ń sọ. Lilburn ni wọ́n ń gbé, èmi wà ní Stone Mountain nítòsí wọn, nílùú òyìnbó níbí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, àmọ́ bí àsìkò ọdẹ bá ti dé, ti àkàtànpó rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ò mọ àkàtànpó, ọrun ni, ṣùgbọ́n wọ́n dè é ní ìbú mọ́ igi tó dà bí ìdí ìbọn, ọfà rẹ̀ sì kúrú. Ẹ má rò pé ìlú òyìnbó ni mo ti kọ́kọ́ rí i o.

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga ju odó ìyá mi lọ, bàbá mi ní ọ̀kan. Kò fẹ́ràn ìbọn. Ó ní ìbọn máa ń sọ fún gbogbo igbó pé òun ti dé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń bá a fi ìyẹ́ sí ọfà. Ní ilé wa, ẹni tó bá fi ìyẹ́ sí ọfà tó pa ẹran ni wọ́n ń fún ní ọrùn ẹran náà níwájú gbogbo ilé. Bàbá á gbé ọfà sókè, á béèrè pé, "Ta ló fi ìyẹ́ sí i?" Ẹ̀gbọ́n mi á wú bí búrẹ́dì, á ní, "Èmi ni." Ẹ gbọ́, kì í ṣe ẹran ọrùn ló ń wù mí. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn.

Mo bá ṣa ìyẹ́ awó. Mo mú lára apá ọ̀tún, mo mú lára apá òsì, kó lè lẹ́wà. Mo fi àtè lẹ̀ wọ́n, mo fi òwú dì wọ́n. Bàbá ta á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọfà náà yí bìrí, ó kọjá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó lọ gún òrùlé ilé ìdáná ìyá àgbà tó múlé tì wá. Màmá náà jáde tòun ti ìgbákọ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé èmi náà ti di ẹran ìgbẹ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ọfà tìẹ kì í pa ẹran, ijó ló ń jó!"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wo bí ìyẹ́ ṣe tẹ̀: ti apá ọ̀tún tẹ̀ síhìn-ín, ti apá òsì tẹ̀ sọ́hùn-ún. Bí o bá dà wọ́n pọ̀, ìjà ni wọn yóò máa jà lọ lójú ọ̀nà. Mo tún un ṣe, apá kan ṣoṣo. Mo wá fa òwú pupa yọ létí ìró ìyá mi, mo fi dì í nídìí ìyẹ́, kí n lè dá tèmi mọ̀. Bàbá jù ú sínú apó mọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ẹtu dé. Ó fa ọfà yọ. "Ta ló fi ìyẹ́ sí i?"

Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n mi ti ní, "Èmi ni," bí ìṣe rẹ̀. Bàbá fi àtàǹpàkò nu ọfà náà. Ẹ̀jẹ̀ lọ, pupa kan ò lọ.

"Ìwọ náà ti ń tú ìró ìyá rẹ?" ló bi ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá mi gbé etí ìró rẹ̀ wò, ó wo ojú mi. "Ẹn-hẹ́n! Eku tí mo ti ń wá nìyí!" Ó fa etí mi, Bàbá sì gbé ọrùn ẹtu lé mi lọ́wọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti gboyè ní yunifásítì láti ìgbà náà, mo ti dé fìlà onígun mẹ́rin. Kò wúwo tó ọrùn ẹtu yẹn.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wà ní Lilburn. Ọkọ ọmọ mi ti pa àgbọ̀nrín, ó to ọfà sórí tábìlì.

"Mummy, ẹ wò ó. Handmade. Èmi ni mo ṣe é."

Mo gbé awò ojú mi wọ̀. Apá kan náà ni gbogbo ìyẹ́ wọn. Òwú pupa wà nídìí wọn. Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi obìnrin ní dídì yẹn nígbà tó wà ní kékeré. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo mú ohùn bàbá mi. "Ta ló fi ìyẹ́ sí i?"

Ọkùnrin náà họ orí. "Mummy... èmi ni mo ra gúlúù."

"O kú ìnáwó o."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ó fẹ́ kí wọ́n máa yin òun ní church ni."

Mo ní ọrùn àgbọ̀nrín yẹn ńkọ́? Ó gé e fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Bí inú mi ṣe dùn tó, mi ò lè sọ ọ́.

Ayé ti yí. Inú páálí ni ìyẹ́ ń bá wa dé ẹnu ọ̀nà báyìí, gúlúù á ti gbẹ kí o tó sín, àgbọ̀nrín sì ń jẹ òdòdó lẹ́yìn ilé wa láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè bàbá mi nìkan ni kò yí padà. Kálukú ṣì ń wá ẹni tí yóò bi í.

Ọmọ mi fún mi ní ọfà kan, mo gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa ya kí mi. Ọ̀kan nínú wọn dúró tì í, ó fọwọ́ kan òwú pupa náà, ó ní, "Háà, Mummy, ta ló ṣe èyí?"

Mo ní èmi ni.