Ọ̀rá Omi Jeanne àti Igi Orí Òkè

Lọ́jọ́rú, 15 oṣù kìíní ọdún 2025, àpò omi kan jẹ́ 600 séfà ní Totsi, ní Lomé. Ọgbọ̀n ọ̀rá omi ló wà nínú ẹ̀. Jeanne Àlàbá ra àpò mẹ́rin, ó kó wọn sínú kúlà, ó gbé e lọ sí ọjà Adewui, ó ń ta ọ̀rá kan ní 25. Èrè orí àpò kan, 150. Mo mọ̀ ọ́n torí èmi ni mo ń kọ káyé, ìwé owó ẹgbẹ́ wa, ẹ̀gbẹ́ kúlà ẹ̀ ni mo sì máa ń jókòó sí.

Ẹgbẹ́ wa, àwọn ọmọ Ifẹ̀ apá Atakpamé ní Togo tó ń gbé Lomé ni. Lẹ́yìn abúlé wa, igbó kan wà lórí òkè tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má gé. Ṣùgbọ́n iná igbẹ́ ti jẹ etí igbó náà. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Lomé tó ń fún àwọn ará abúlé lówó kékeré kí wọ́n fi tún irú igbó bẹ́ẹ̀ ṣe fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn á fún wa ní 800,000: ìdajì ká fi tọ́ ọmọ igi dàgbà, ìdajì kejì ká fi kó wọn gòkè nígbà òjò. Jeanne la fi ṣe olórí iṣẹ́ náà. Ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, ọwọ́ ẹ̀ náà kì í sinmi.

Nínú ìwé tá a kọ fún wọn, a ní a máa ra 2,000 ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń gbin ọmọ igi, 40 séfà ọ̀kọ̀ọ̀kan. 80,000 nìyẹn. Jeanne wo kúlà ẹ̀.

"Kí n máa da ọ̀rá nù lójoojúmọ́, kí n tún wá fowó ra ọ̀rá?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rá omi nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ló gbé àpò kọ́ èjìká lọ sí pápá ìṣeré Kégué lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ìsìlámíyátù, ará Benin tó ń ta tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ò jẹ́ kó gbádùn; torí owó ilé iṣẹ́ náà, ó sọ ọ́ ní ìyàwó òyìnbó.

"Ìyàwó òyìnbó, wọ́n fún ẹ lówó, o tún ń ṣa ilẹ̀?"

"Èyí tó o mu láàárọ̀ dà?"

"Mo jókòó lé e."

"Dìde kí n mú un."

Ẹ mọ̀ pé gbogbo wa la máa ń fi eyín já igun ọ̀rá omi ká tó mu ún. Jeanne ò dá ihò yẹn lẹ́bi. Ó yí ọ̀rá dojú dé, igun tí wọ́n já bọ́ sísàlẹ̀, ó wá gé òkè. Tí wọ́n bá ti bomi rin igi, omi tó bá pọ̀ jù á gba ojú eyín jáde.

"Gbogbo Lomé ló bá wa lu ihò," ló wí.

Ọ̀rá pé 2,000, a kó wọn lọ sí abúlé, wọ́n gbin ọmọ igi sínú wọn, 80,000 wá kù sílẹ̀. Ọyẹ́ mú, odò sì jìnnà síbi tí ọmọ igi wà ní abúlé. Jeanne ra kẹ́ẹ̀tù ìbomirin àti wáyà tí wọ́n fi sé ewúrẹ́ mọ́ta, 52,000, ó gba rísíìtì. Ó fún Àjàgbé ní 28,000 tó kù. Àjàgbé yìí, wẹ́dà abúlé, àbúrò ìyá ẹ̀ ni. Ó fi owó náà ṣe ọmọlanke tí wọ́n fi ń pọnmi. Jeanne ò gba rísíìtì lọ́wọ́ ẹ̀. Nílé tiwa, tó o bá ní kí àbúrò ìyá ẹ kọ̀wé owó fún ẹ, o ti pè é lólè nìyẹn.

Nínú oṣù kẹrin, Arnaud wá láti ilé iṣẹ́ náà, ó ka igi. 1,861 ló yè. Inú ẹ̀ dùn.

"Tàntí, rísíìtì ọ̀rá ńkọ́?"

"Ojú eyín àwọn èèyàn ló wà lára ẹ̀ yẹn. Rísíìtì wo lo tún ń wá?"

Arnaud rẹ́rìn-ín títí ó fi di wáyà mú. Ṣùgbọ́n ìwé kì í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá sọ pé wọ́n ti gba 52,000 tó ní rísíìtì. 28,000 tí ò ní, ká dá a padà kó tó di 20 oṣù kẹfà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdajì kejì owó náà ò ní wá. Gbòǹgbò igi sì ti ń yọ nísàlẹ̀ ọ̀rá. Tí àkókò òjò bá kọjá láìkó wọn gòkè, wọ́n á kú.

Jeanne pe Àjàgbé lórí fóònù.

"Ṣé nítorí ìwé ni?" Àjàgbé ní. "Màá kọ ọ́ nísinsìnyí, màá fi déètì oṣù kejì sí i."

"Bàbá, oṣù kejì ti lọ. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ nítorí igi."

"Jẹ́ kí n dá owó ẹ padà nígbà náà."

"Ẹ̀yin wá fẹ́ gba ọmọlanke padà ni? Ẹ jẹ́ kó máa pọnmi. Èmi tí ojú tì láti béèrè rísíìtì ni màá san án."

Ẹgbẹ́ ní ká dá a jọ, ó kọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, gbogbo èrè omi ló ń lọ sínú agolo mílíìkì kan. Àpò mẹ́rin lóòjọ́, 600. Herman ọkọ ẹ̀, tó ń wa takísí, ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Ó ní òun ti di ọkọ igi. Ìsìlámíyátù náà yí ohùn padà. Ẹni tó bá ra tòmátì lọ́wọ́ ẹ̀, á ní, "Ẹ lọ mu omi lọ́dọ̀ ìyàwó òyìnbó kẹ́ ẹ tó gba ṣẹ́ńjì. Kò sí ṣẹ́ńjì ọ̀fẹ́ níbí."

Ní 16 oṣù kẹfà, ó ta àpò kẹta tán ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ṣírò ẹ̀: àpò 187, 28,050 séfà. Owó ti pé, ó dé kúlà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ kejì a jọ lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Arnaud ka owó lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ rísíìtì, Jeanne ní kó fi òǹtẹ̀ sí i dáadáa. 50 tó lé, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún omi méjì, ló bá yọ ọ̀rá omi méjì látinú báàgì ẹ̀, ó fún Arnaud ní kan, ó fún mi ní kan. Bá a ṣe mu ún tán, ó na ọwọ́.

"Ẹ kó ọ̀rá mi wá."

Jeanne Àlàbá dá 28,000 séfà padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù kẹfà ọdún 2025, ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí gbèdéke pé.