Àdín Lára Ìjánu Kànga

Òórùn àdín ṣì máa ń dẹ́rù bà mí. Bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń yan èkùrọ́ ní Pobè, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á tutù, n óò sì rántí kànga kan ní Takon.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi la jọ ń gbẹ́ kànga nígbà náà. Èmi ni mo ń jókòó sínú garawa sọ̀kalẹ̀ sínú kànga. Òun ló ń dúró ti àgbá irin tí okùn wé mọ́. Ìjánu rẹ̀ jẹ́ ọ̀já irin tí a fi rọ́bà táyà tẹ́ nínú, tó yí àgbá náà ká. Bí àna mi bá tẹ ọ̀pá rẹ̀, ọ̀já á fún mọ́ àgbá, á dín eré rẹ̀ kù, á máa ha á lára, á sì máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Igbe yẹn ni mo fi ń sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì máa ń bí mi nínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá tó ni ilé tí a ti ń gbẹ́ kànga náà ní igbe náà pọ̀ jù. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá ti ń ké, ì báà jẹ́ ilẹ̀kùn, ì báà jẹ́ kẹ̀kẹ́, àdín là ń fi sí i. Ó bu àdín wá nínú ife, ó ní kí àna mi fún ẹ̀rọ mu, bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. A rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo ní kó dà á sí i dáadáa.

Mo jókòó sínú garawa, àna mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ mí kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, mo tiẹ̀ kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Àṣé rọ́bà ti ń yọ̀ lára àgbá. Ògiri kànga bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sókè lójú mi, ojú ọ̀run sì kéré bí ẹnu ife. Mo gbọ́ àna mi lókè: “Ìyá, iyẹ̀pẹ̀! Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sí i!”

Igbe náà padà. Ó ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, garawa gbọ̀n mí jìgìjìgì, ó dúró. Ọ̀pá irin tí mo fi ń gbẹ́ ilẹ̀, tí mo gún mọ́ ìsàlẹ̀ kànga lọ́jọ́ tó ṣáájú, nà sókè níbẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí garawa.

Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, ọwọ́ ìyá náà ṣì kún fún iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ó ní, “Mo rò pé oore ni mo ń ṣe ẹ̀rọ yẹn ni.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ìyá.”

N kò wọ kànga mọ́. Igbe tí mo kà sí ìyọlẹ́nu ló ń gbé mi dání ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí mo bá ń lọ Sakété báyìí, mo máa ń ní kí ọlọ́kadà tẹ ìjánu kí n gbọ́ ná. Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá yìí kì í gun ọ̀kadà tí ìjánu rẹ̀ kò bá ké. Òótọ́ ni wọ́n sọ.