Ẹyẹlé Bàbá Ráṣídì àti Ológbò Lánlọ́ọ̀dù

Láàárọ̀ yìí, ọmọ ilé kejì ń fi ṣíbí lu agolo mílíìkì, ni àyà mi bá já. Ó rò pé òun ń ṣeré. Èmi ti bá ara mi ní Ìsọlọ̀ ayé àtijọ́, nígbà tí owó epo rọ̀bì wọ ìgboro, tí àwọn ènìyàn ń gbé fíríìjì wọlé bí ẹni ń ra àkàrà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹyẹ yín ń ké nínú fóònù, ẹ fara balẹ̀. Ẹyẹlé gidi ló ń jí wa. Bàbá Ráṣídì, káfíńtà ará Ìwó tó gba yàrá tó kọjú sí tiwa, ló ni wọ́n. Pákó tí wọ́n fi di fíríìjì àwọn olówó ló fi kan ilé fún wọn, ó gbẹ́ ihò roboto sí i, ó sì gbé e ka orí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìyá rẹ̀ ló fi takọ tabo kan lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń bọ̀ l'Ékòó. Ìyá náà ti kú. Ìran ẹyẹ yẹn ló kù fún un.

Àfi bí Lánlọ́ọ̀dù ṣe gbé ológbò dé nítorí eku tó ń jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ológbò náà sanra, ó ń rìn bí ẹni tó ń gba owó ilé. Kò wo eku. Ilé ẹyẹlé ló ń wò, torí ọmọ wà níbẹ̀ tí kò tíì hu ìyẹ́. Bàbá Ráṣídì kan páànù mọ́ òpó kí èékánná má baà rí nǹkan dì mú. Ológbò gba orí ògiri. Bàbá Ráṣídì to ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́ tòun tẹ̀gún sórí ògiri; ológbò gba orí òrùlé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ òkò lù ú, torí gbogbo wa gbà pé ẹni tó bá pa ológbò ti fọwọ́ fa ibi.

Bàbá Ráṣídì lọ bá Lánlọ́ọ̀dù. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa so ó mọ́lẹ̀."

"Kí n so ológbò mi mọ́lẹ̀ nínú ilé tí mo kọ́? Ẹ kó ẹyẹ yín padà s'Ìwó!"

Ni Ìyá Ráṣídì, ìyàwó káfíńtà, bá pín agolo fún gbogbo ọmọdé ilé. "Tẹ́ ẹ bá ti rí òpònú yẹn, ẹ lu agolo! Ẹ má jẹ́ ó sinmi!"

Ha, àwa tí wọ́n máa ń nà torí ariwo! A rí ológbò, a lù. A rí òjìji aṣọ lórí okùn, a lù. Lánlọ́ọ̀dù ń bú wa, Ìyá Ráṣídì ń dá a lóhùn, àwọn aládùúgbò ń bú àwọn méjèèjì. Ariwo mọ́ ológbò lára, ó ń sùn.

Kò mọ́ ẹyẹlé lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ wọn ti lè fò, gbogbo wọn gbéra, wọ́n forí lé ọ̀nà Òkè-Àfà. Bàbá Ráṣídì dúró pẹ̀lú àgbàdo lọ́wọ́, ó ń súfèé, wọn kò padà. Àwọn àgbà ilé gbà pé inú ilé oníjà ni ẹyẹlé ti máa ń sá, nítorí náà kálukú ń wolẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ jáde.

"Bàbá Ráṣídì, ẹ má bínú. Ológbò yẹn..."

"Alhaji, ológbò yín ò mú ẹyọ kan."

Ó wo agolo lọ́wọ́ wa, ó wo ìyàwó rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Ilé alájà onígíláàsì ló wà níbẹ̀ báyìí, kò síbi tí ẹyẹ lè bà sí. Ìfẹ́ tó ń pariwo, bíi ti agolo wa yẹn, ṣì wà. Òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, títí àbíkẹ́yìn fi kó lọ sí Òkòtà, tí kò jìnnà, tí kì í sì í wá. Nígbà tó yà lọ́jọ́sí, ẹnu ń yún mi láti bi í ìdí tí kì í fi í wá. Mo bu oúnjẹ fún un, mo dákẹ́. Ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.